Florence Nightingale àti Àwọn tí Ó Ṣe Alábòójútó Wọn

Púpọ̀ nínú wa ni ó ti gbọ́ orúkọ Florence Nightingale láti ìgbà tí a ti wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ohun tí a kọ́ wa nípa rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ, èyí nì pé ó ń gbé fìtílà kiri lóru láàárín àwọn ọmọ ogun tí wọ́n gbọgbẹ́. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá fara balẹ̀ ka ìtàn ayé rẹ̀, yóò rí i pé òru tí ó fi gbé fìtílà kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọdún tí ó fi ń ṣe alábòójútó àwọn ẹlòmíràn tí wọ́n ń tọ́jú aláìsàn: àwọn tí wọ́n ń gba owó àti àwọn tí wọ́n fi ara wọn jìn lọ́fẹ̀ẹ́, àwọn olóòótọ́ àti àwọn ọ̀mùtí. Iṣẹ́ yìí ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí, nítorí díẹ̀ ni nínú ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí tí kò ní ẹnìkan lábẹ́ rẹ̀. Ẹlòmíràn ní ọmọ iṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù, ẹlòmíràn ní akọ̀wé àti ìránṣẹ́ ní ọ́fíìsì, ẹlòmíràn sì ni olórí àwọn tí wọ́n ń gba àlejò ní ẹnu ọ̀nà ní ọjọ́ Ìsinmi.

Ní ọjọ́ 12 oṣù karùn-ún ọdún 1820 ni a bí i ní ìlú Florence ní ilẹ̀ Ítálì, nígbà tí àwọn òbí rẹ̀ wà ní ìrìnàjò níbẹ̀, orúkọ ìlú náà ni wọ́n sì fi sọ ọ́. Ọlọ́rọ̀ ni bàbá rẹ̀, ó ní ilé ńlá méjì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kò ní ọmọkùnrin, nítorí náà àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ méjèèjì ni ó fúnra rẹ̀ kọ́ ní èdè Látìnì àti ti Gíríìkì, ó kọ́ wọn ní ìtàn pẹ̀lú. Florence fẹ́ràn ìṣirò ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀rọ̀ ìṣirò yìí sọ́kàn, nítorí yóò wúlò níwájú. Nígbà tí ó di ẹni ọdún 16, ó gbàgbọ́ pé Ọlọ́run pe òun sí iṣẹ́ kan, ṣùgbọ́n ọdún púpọ̀ kọjá kí ó tó dá a lójú pé títọ́jú aláìsàn ni iṣẹ́ náà.

Ní 1845 ó sọ fún àwọn òbí rẹ̀ pé òun fẹ́ lọ kọ́ iṣẹ́ náà ní ilé ìwòsàn kan tí kò jìnnà sí ilé wọn. Ariwo ta. Ìyá rẹ̀ sunkún, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bínú, bàbá rẹ̀ sì kọ̀. A kò lè dá wọn lẹ́bi tán, nítorí ní ayé ìgbà náà, obìnrin tí kò rí iṣẹ́ mìíràn ṣe ni ó ń di nọ́ọ̀sì, ọ̀pọ̀ nínú wọn a sì máa mu ọtí lẹ́nu iṣẹ́. Kò sí ẹni tí ó kọ́ wọn, kò sì sí ẹni tí ó ń wo ohun tí wọ́n ń ṣe lẹ́yìn tí dókítà bá ti jáde. Florence dúró fún ọdún mẹ́fà. Ó ń dìde ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, ó ń ka ìròyìn àwọn ilé ìwòsàn nínú yàrá rẹ̀ kí àwọn ará ilé tó jí. Ní 1851 wọ́n wá gbà kí ó lọ sí Kaiserswerth ní ilẹ̀ Jámánì, níbi tí Pásítọ̀ Theodor Fliedner ti ń kọ́ àwọn obìnrin ìjọ ní ìtọ́jú aláìsàn. Ó lo bí oṣù mẹ́ta níbẹ̀.

Ní 1853 ni ó kọ́kọ́ di ọ̀gá. Ilé ìwòsàn kékeré kan ni, ní òpópónà Harley ní Lọ́ńdọ̀nù, fún àwọn obìnrin ọlọ́lá tí owó ti tán lọ́wọ́ wọn. Kò gba owó iṣẹ́ níbẹ̀. Bàbá rẹ̀ ni ó ń fún un ní £500 lọ́dún láti fi gbọ́ bùkátà. Ìgbìmọ̀ àwọn obìnrin ni ó ń ṣe olórí ilé náà, wọ́n sì fẹ́ kí a máa gba kìkì àwọn ọmọ Ìjọ Gẹ̀ẹ́sì. Florence kọ̀ jálẹ̀. Ó ní bí wọn kò bá ní gba ọmọ Ìjọ Àgùdà àti Júù pẹ̀lú, òun kò ní wá. Wọ́n gbà fún un.

Ohun tí ó kọ́kọ́ béèrè fún níbẹ̀ yẹ kí àwa ọ̀gá òde òní gbọ́. Ó ní kí a fa omi gbígbóná dé àjà kọ̀ọ̀kan ilé náà, kí a ṣe ẹ̀rọ kan tí yóò máa fa oúnjẹ láti ilé ìdáná lọ sókè, kí a sì so agogo tí yóò máa fi hàn nọ́ọ̀sì aláìsàn tí ó ń pè é. Ṣáájú ìgbà náà, bí aláìsàn bá pè, nọ́ọ̀sì a gun àtẹ̀gùn lọ béèrè ohun tí ó fẹ́, a sọ̀ kalẹ̀ lọ mú un wá, a tún gùn ún. Lójú Florence, bí a bá ṣe ilé lọ́nà tí ó ń sọ nọ́ọ̀sì di ẹsẹ̀ lásán, kò sí bí yóò ti ṣe ráyè tọ́jú ènìyàn. A ti rí ọ̀gá púpọ̀ tí wọ́n ń bú ọmọ iṣẹ́ pé ó lọ́ra, nígbà tí ó jẹ́ pé ìdí ìlọ́ra náà ni pé àpò ìrẹsì wà ní ẹ̀yìnkùlé, òṣùwọ̀n sì wà ní ẹnu ọ̀nà.

Ní 1854 ogun bẹ́ sílẹ̀. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé dìde láti ran Tọ́kì lọ́wọ́ lòdì sí Rọ́ṣíà, wọ́n sì lọ jà ní Kìríméà. Ìwé ìròyìn Times sọ fún gbogbo ènìyàn pé àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n gbọgbẹ́ ń kú ní ilé ìwòsàn Scutari, létí ìlú Constantinople, láìsí ẹni tí yóò fún wọn ní omi mu. Sidney Herbert, mínísítà tí owó ogun wà ní ìkáwọ́ rẹ̀, jẹ́ ọ̀rẹ́ Florence. Ó kọ̀wé sí i ní ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá pé kí ó kó àwọn nọ́ọ̀sì lọ. Ní ọjọ́ 21 oṣù kan náà wọ́n gbéra kúrò ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọjọ́ mẹ́fà péré ni wọ́n fi ṣa àwọn tí yóò lọ, wọ́n sì jẹ́ 38. Mẹ́wàá nínú wọn jẹ́ sísítà Ìjọ Àgùdà, 14 jẹ́ sísítà àti nọ́ọ̀sì láti inú ẹgbẹ́ méjì ti Ìjọ Gẹ̀ẹ́sì, 14 tí ó kù sì jẹ́ nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn tí owó ni wọ́n bá wá.

A kò gbọdọ̀ fi ohun kan pamọ́ nínú ọ̀ràn ṣíṣà yìí. Lẹ́yìn tí Florence ti lọ, Mary Seacole, obìnrin aláwọ̀ dúdú ará Jàmáíkà tí ó mọ ìtọ́jú àrùn onígbáméjì dáadáa, lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn tí wọ́n ń ṣa nọ́ọ̀sì kún un ní Lọ́ńdọ̀nù, wọn kò sì gbà á. Ó fi owó ara rẹ̀ lọ sí Kìríméà, ó ṣí ilé oúnjẹ àti ìtọ́jú sí ẹ̀bá Balaklava, àwọn ọmọ ogun sì fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Ẹni tí ó ń ṣa òṣìṣẹ́ lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ti ẹni tí ó dára jù sẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Kí àwọn 38 náà tó wọ ọkọ̀, nọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan tí ó ń gba owó fi ọwọ́ sí ìwé àdéhùn. Ìwé náà sọ iye owó tí yóò gbà, láti ṣílè 12 dé 14 lọ́sẹ̀ pẹ̀lú oúnjẹ àti ibùgbé, pé owó náà yóò sì pọ̀ sí i fún ẹni tí ìwà rẹ̀ bá dára. Ó sọ pẹ̀lú pé ẹni tí ó bá mu ọtí yó tàbí tí kò gbọ́ràn, ilé ni yóò padà sí. Aṣọ iṣẹ́ wọn jẹ́ àwọ̀ eérú, kò sì bá ẹnikẹ́ni nínú wọn mu, nítorí kò sí àkókò láti wọn ara wọn. Obìnrin kúkúrú gba èyí tí ó gùn, obìnrin gígùn gba èyí tí ó kúrú. Nígbà tí wọ́n dé Scutari, ọ̀kan nínú wọn wá bá Florence pé fìlà tí a fún òun kò yẹ ojú òun, bí òun bá sì ti mọ̀ irú fìlà tí ó jẹ́ ni, òun kì bá tí wá. Ẹ rò ó wò, ogun ń jà, òkú ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ alààyè, ẹjọ́ fìlà ni ọ̀gá ń dá. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti ṣe olórí ẹgbẹ́ akọrin rí kò ní ṣe iyèméjì sí ìtàn yìí.

Ọjọ́ kẹrin oṣù kọkànlá ni wọ́n dé. Àwọn dókítà ogun kò fẹ́ wọn. Wọ́n rò pé amí ìjọba ni wọ́n, tàbí àwọn obìnrin tí wọn yóò máa dákú bí wọ́n bá rí ẹ̀jẹ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì fẹ́ wọ inú yàrá àwọn aláìsàn lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ṣùgbọ́n Florence kọ̀ fún wọn. Ó pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ọwọ́ kan aláìsàn àyàfi bí dókítà bá ní kí ó ṣe é. Nítorí náà wọ́n jókòó, wọ́n ń rán ẹ̀wù, wọ́n ń ran ìrọ̀rí, wọ́n sì ń gbọ́ igbe àwọn ènìyàn lẹ́yìn ògiri. Inú bí àwọn kan nínú wọn, wọ́n ní ọkàn ọ̀gá àwọn le bí òkúta. Kò pẹ́ tí àwọn tí wọ́n gbọgbẹ́ ní ogun Balaklava àti ti Inkerman fi ń dé bí omi. Ọwọ́ àwọn dókítà kò ká a mọ́, àwọn fúnra wọn ni wọ́n sì wá bẹ̀ pé kí àwọn obìnrin náà wá.

Èrò wa ni pé nínú gbogbo ohun tí ó ṣe ní Scutari, dídúró yìí ni ó nira jù. Bí ó bá ti jẹ́ kí wọ́n wọlé ní ọjọ́ kìíní, ìjà ìbá ti bẹ́ láàárín dókítà àti nọ́ọ̀sì, aláìsàn ni ìbá sì jẹ ìyà rẹ̀. Ṣùgbọ́n a mọ̀ pé àwọn mìíràn yóò sọ pé ẹ̀mí tí ó bọ́ ní ọjọ́ wọ̀nyí kò ṣeé rà padà. A kò ní bá wọn jiyàn.

Nígbà tí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, òfin rẹ̀ le. Kò sí nọ́ọ̀sì tí ó gbọdọ̀ wà nínú yàrá àwọn ọmọ ogun lẹ́yìn agogo mẹ́jọ alẹ́. Ìdí rẹ̀ nìyí tí ó fi jẹ́ pé òun nìkan ni ó ń gbé fìtílà kiri lóru. Àwọn tí wọ́n mu ọtí ni ó dá padà sílé. Wàhálà àwọn tí wọ́n fi ara wọn jìn tún yàtọ̀ sí ti àwọn tí ń gba owó. Ọ̀mùtí kò ṣòroó dá mọ̀, a sì lè fi ìwé àdéhùn lé e. Ṣùgbọ́n kí ni a ó ti ṣe fún obìnrin rere kan tí kò gba kọ́bọ̀, tí ó ń fẹ́ kí òun jókòó ti aláìsàn kí òun bá a sọ̀rọ̀ nípa ọkàn rẹ̀, nígbà tí ó jẹ́ pé ẹ̀wù aláìsàn náà kún fún iná? Irú àwọn bẹ́ẹ̀ wà láàárín wọn, Florence sì ráhùn nípa wọn. Nínú àwọn olùfara-ẹni-jìn náà ni a sì ti rí ẹni tí ó gbẹ́kẹ̀ lé jù lọ, Ìyá Mary Clare Moore, olórí àwọn sísítà Àgùdà láti Bermondsey. Ọmọ Ìjọ Gẹ̀ẹ́sì ni Florence, síbẹ̀ ọ̀rẹ́ wọn kò yẹ̀ títí ikú fi yà wọ́n.

Ìjà tí ó tóbi jù dé ní oṣù kejìlá. Mary Stanley, ọ̀rẹ́ Florence, kó obìnrin tí ó ju 40 lọ wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹnikẹ́ni kò béèrè lọ́wọ́ Florence bóyá ó fẹ́ wọn, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ibùsùn fún wọn. Èyí tí ó wá burú jù ni pé wọ́n ní olórí dókítà ni kí wọ́n jíhìn fún, kì í ṣe òun. Ó kọ ìwé ìbínú sí Herbert pé òun yóò fi iṣẹ́ sílẹ̀. Kò fi í sílẹ̀, nígbà tí ó sì yá, a pín àwọn obìnrin náà, àwọn kan wà lọ́dọ̀ rẹ̀, àwọn mìíràn lọ sí ilé ìwòsàn Koulali, àwọn kan padà sílé. Ọ̀rẹ́ òun àti Mary Stanley kò sì rí bí ti àtijọ́ mọ́. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ mú ju bí ó ti yẹ lọ nínú ọ̀ràn yìí, nítorí àwọn obìnrin náà kò ṣẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ìdí ìbínú rẹ̀ yé wa. Òṣìṣẹ́ tí a kò sọ fún ní kedere ẹni tí yóò máa jíhìn fún, ọ̀gá méjì ni yóò máa fi ara wọn gbá mọ́lẹ̀.

Láàárín gbogbo èyí, ikú ń pa wọ́n. Ní ìgbà òtútù yẹn, ọmọ ogun tí ó ju 4,000 lọ kú ní Scutari, iye tí ibà, ìgbẹ́ ọ̀rìn àti onígbáméjì pa sì ju iye tí ọgbẹ́ pa lọ jìnnà. Ní oṣù kejì 1855, nínú ọgọ́rùn-ún tí a gbà sí ilé ìwòsàn náà, bí 42 ni ó ń kú. Ní oṣù kẹta ìjọba rán àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ìmọ́tótó wá. Wọ́n rí i pé orí kòtò ẹ̀gbin ni a kọ́ ilé náà sí, òkú ẹran sì wà nínú ọ̀nà tí omi ń gbà wọlé. Wọ́n fọ kòtò, wọ́n kó ẹ̀gbin, wọ́n ṣí fèrèsé. Nígbà tí yóò fi di oṣù kẹfà, àwọn tí ń kú kò ju bí méjì lọ nínú ọgọ́rùn-ún.

Ní ìgbà náà Florence gbà pé àìrí oúnjẹ tó àti àṣejù iṣẹ́ ni ó pa àwọn ọmọ ogun náà. Lẹ́yìn ogun, òun àti William Farr, onímọ̀ ìṣirò, jókòó ti ìwé ikú gbogbo, wọ́n sì kà á lẹ́yọ lẹ́yọ. Ìṣirò náà fi hàn án pé afẹ́fẹ́ búburú àti ẹ̀gbin ilé tí òun fúnra rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ ni ó pa èyí tí ó pọ̀ jù. Ìtọ́jú àti ọ̀bẹ̀ tí wọ́n ń fún wọn kò tó láti gbà wọ́n là nínú irú ilé bẹ́ẹ̀. Ó dùn ún dé egungun. Ṣùgbọ́n kò fi ìwé náà pamọ́. Ó ya àwòrán aláwọ̀ mẹ́ta tí ó fi iye ikú oṣù kọ̀ọ̀kan hàn, kí àwọn mínísítà tí kò lè ka ìṣirò lè fi ojú rí i. Ní 1858 Ẹgbẹ́ Onímọ̀ Ìṣirò ti Lọ́ńdọ̀nù gbà á wọlé, òun sì ni obìnrin àkọ́kọ́ tí wọ́n gbà.

Kí a tó kúrò ní ọ̀ràn ogun, ẹ jẹ́ kí a sọ ti owó àwọn ọmọ ogun. Àwọn ọ̀gá ogun máa ń sọ pé ọ̀mùtí ni sójà, owó tí ó bá gbà, ilé ọtí ni yóò lọ. Florence ní ó rí bẹ́ẹ̀ nítorí pé kò sí ọ̀nà tí wọ́n lè gbà fi owó ránṣẹ́ sílé. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó lọ́wọ́ wọn, ó ń fi í ránṣẹ́ sí àwọn ìyàwó àti ìyá wọn. Ìjọba wá ṣí ibi ìfowóránṣẹ́, kí oṣù mẹ́fà tó pé, £71,000 ti lọ sílé. Àwa tí a ń fi owó ránṣẹ́ sílé láti ìdálẹ̀ mọ ohun tí èyí jẹ́ nínú ọkàn ènìyàn.

Ó padà sílé ní 1856, ara rẹ̀ kò sì le mọ́. Ibà tí ó mú un ní Balaklava kò fi í sílẹ̀. Láti 1857 ni ó ti ń lo ọ̀pọ̀ ọjọ́ rẹ̀ lórí ibùsùn, ìwé ni ó sì fi ń ṣiṣẹ́. Àwọn ènìyàn ti dá owó tí ó ju £44,000 jọ ní orúkọ rẹ̀ láti fi kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì. Ó tún kọ ìwé kékeré kan nípa ìtọ́jú aláìsàn, tí ó jáde ní ìparí 1859. Orí kan wà nínú rẹ̀ tí kì í ṣe ti nọ́ọ̀sì nìkan. Ohun tí orí náà ń bi ọ̀gá ni pé kí ni ó ti ṣe kí iṣẹ́ lè máa lọ dáadáa nígbà tí òun kò bá sí níbẹ̀. Àwọn Yorùbá ní bí ológbò kò bá sí nílé, ilé a di ilé èkúté, a sì máa ń fi èyí bú èkúté. Florence ní ológbò ni kí a bú. Lójú tirẹ̀, ẹni tí ó ń yangàn pé bí òun kò bá sí, gbogbo nǹkan a dàrú, ẹ̀ṣẹ̀ ara rẹ̀ ni ó ń jẹ́wọ́.

Àwa fúnra wa ti jẹ̀bi nínú ọ̀ràn yìí. Nígbà kan a lọ sílé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, a sì mú kọ́kọ́rọ́ àpótí ìwé ìrìbọmi dání lọ, nítorí a rò pé kò sí ẹlòmíràn tí ó lè tọ́jú rẹ̀ bí àwa. Ìyá kan wá gba ìwé ọmọ rẹ̀ tí ó fẹ́ wọ ilé ẹ̀kọ́. Ó wá lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì padà ní ọwọ́ òfo. Nígbà tí a dé, ọjọ́ ìforúkọsílẹ̀ ti kọjá. Ìyá náà kò bú wa. Ìbá sàn kí ó bú wa.

Ní 1860 ni a ṣí ilé ẹ̀kọ́ Nightingale ní ilé ìwòsàn St Thomas' ní Lọ́ńdọ̀nù, pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ 15. A ń fún wọn ní oúnjẹ, ibùgbé, aṣọ, àti £10 fún ọdún kan. Ìyáàfin Sarah Wardroper, Matron ilé ìwòsàn náà, ni alábòójútó wọn. Florence ṣe ìwé kan tí Matron yóò máa kọ lóṣooṣù nípa akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan: ṣé ó ń tètè dé, ṣé ó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé, ṣé ara rẹ̀ mọ́, ṣé ó jẹ́ ẹni jẹ́jẹ́, àti bí ọwọ́ rẹ̀ ti já fáfá tó nínú dídi ọgbẹ́ àti àwọn iṣẹ́ mìíràn. Kò sí irú ìwé bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀ fún nọ́ọ̀sì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìròyìn ń wá lóṣooṣù, ó sì dára lójú.

Ìlú Liverpool béèrè lọ́dọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú. William Rathbone, oníṣòwò kan níbẹ̀, fẹ́ fi owó ara rẹ̀ mú nọ́ọ̀sì tí a kọ́ dáadáa wá sí ilé ìwòsàn àwọn tálákà, níbi tí aláìsàn ju 1,000 lọ, tí ó sì jẹ́ pé àwọn tálákà inú ilé náà ni ó ń tọ́jú ara wọn. Ní 1865 Florence rán Agnes Jones lọ pẹ̀lú nọ́ọ̀sì 12. Agnes ṣiṣẹ́ náà dáadáa. Ó yí ilé náà padà pátápátá, ó ń dìde kí ilẹ̀ tó mọ́, ó sì ń sùn nígbà tí òru bá ti jìn. Ní oṣù kejì 1868 ibà pa á, ní ẹni ọdún 35. Florence sunkún rẹ̀ gidigidi, wíwá ẹni tí yóò rọ́pò rẹ̀ sì di ìṣòro ńlá, nítorí kò tíì sí ẹni tí ó wà ní ìmúrasílẹ̀.

Ní nǹkan bí 1872 ni Florence tó mọ bí ilé ẹ̀kọ́ tirẹ̀ ti rí gan-an. Fún ọdún púpọ̀ ó ti fi ọkàn rẹ̀ sí ọ̀ràn àwọn ọmọ ogun ní ilẹ̀ Íńdíà, ó sì gbẹ́kẹ̀ lé àwọn ìròyìn oṣooṣù. Nígbà tí ó wádìí, ó rí i pé dókítà tí ó yẹ kí ó máa kọ́ wọn ti dẹ́kun láti máa kọ́ wọn bí ó ti yẹ, àti pé ọ̀mùtí ni. Iṣẹ́ wọ́ọ̀dù ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣe láti òwúrọ̀ dé alẹ́ bí ọmọ ọ̀dọ̀, wọn kò ráyè kàwé. Ìwé ìròyìn ń dé lójú àkókò, ó kún, ó mọ́, ṣùgbọ́n òtítọ́ kò sí nínú rẹ̀ tó. Ọdún 12 ti kọjá. Àwọn obìnrin tí a ti rán lọ sí ilé ìwòsàn káàkiri ayé gẹ́gẹ́ bí ẹni tí Nightingale kọ́, àwọn mìíràn nínú wọn kò rí ẹ̀kọ́ tí a ṣèlérí fún wọn gbà.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní iṣẹ́ ìjọba, ẹ ó mọ irú ìròyìn tí a ń sọ. Àwa tí a ń kọ ìwé ìjọ náà mọ̀ ọ́n.

Ó ti di ẹni ọdún 52 nígbà náà, àìsàn sì wà lára rẹ̀. Wọ́n mú dókítà náà kúrò, wọ́n sì fi John Croft, oníṣẹ́-abẹ, rọ́pò rẹ̀, ẹni tí ó ń kọ́ wọn tí ó sì ń dán wọn wò. Wọ́n yan obìnrin kan tí kò ní iṣẹ́ mìíràn ju kí ó máa gbé pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nínú ilé wọn, kí ó máa ran ẹ̀kọ́ wọn lọ́wọ́, kí ó sì máa gbọ́ ẹjọ́ wọn. Kò lé Ìyáàfin Wardroper, ẹni tí ó ti ṣiṣẹ́ púpọ̀ tí iṣẹ́ sì ti pọ̀ jù fún, ṣùgbọ́n ó dín ẹrù rẹ̀ kù. Florence fúnra rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà wá sí ilé rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Yóò fún wọn ní tíì, yóò bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n kọ́, ohun tí wọ́n jẹ, bí oorun wọn ti rí, ẹni tí ó ń kọ́ wọn dáadáa àti ẹni tí kò kọ́ wọn. Lẹ́yìn tí wọ́n bá lọ, yóò kọ ohun tí ó rí nípa ẹni kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, kò sì fi òkúta bo ọ̀rọ̀ rẹ̀. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ń lọ gba ipò ní ìlú tí ó jìnnà, òdòdó a máa dúró dè é níbẹ̀ láti ọ̀dọ̀ rẹ̀. Láti ọdún 1872 náà ni ó ti ń kọ lẹ́tà gígùn sí gbogbo wọn pọ̀, tí a ń kà sí etí wọn.

Ọmọ ilẹ̀ wa kan jẹ nínú oko yìí. Ní 1946 Kofoworola Abeni Pratt láti Èkó wọ ilé ẹ̀kọ́ Nightingale ní St Thomas'. Òun ni a ń kà sí nọ́ọ̀sì aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ nínú ètò ìlera ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó padà sílé, ó sì di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó jẹ́ Matron ní UCH Ìbàdàn, lẹ́yìn náà ó di olórí àwọn nọ́ọ̀sì fún ìjọba àpapọ̀. Bí àwọn ìyá wa kan bá bí ọmọ sí UCH ní àkókò rẹ̀, wọ́n ti bọ́ sábẹ́ ọwọ́ ẹni tí ó kọ́ iṣẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ tí a ń sọ yìí.

Florence Nightingale pẹ́ láyé. Ojú rẹ̀ fọ́ ní ìgbẹ̀yìn. Ní 1907 Ọba Edward fún un ní oyè ńlá tí obìnrin kankan kò tíì gbà rí ṣáájú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti darúgbó jù láti mọ ohun tí wọ́n ń fún òun. Ó kú ní ọjọ́ 13 oṣù kẹjọ 1910, ní ẹni 90 ọdún. Ìjọba fẹ́ sin ín sí Westminster Abbey láàárín àwọn ọba, àwọn ẹbí rẹ̀ sì kọ̀, nítorí òun fúnra rẹ̀ kò fẹ́ ariwo. Àwọn sájẹ́ǹtì ogun mẹ́fà ni ó gbé pósí rẹ̀ lọ sí ìtẹ́ òkú ìjọ kékeré kan ní abúlé East Wellow, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn òbí rẹ̀. Lára òkúta ibojì náà, lẹ́tà méjì tí ó bẹ̀rẹ̀ orúkọ rẹ̀ ni wọ́n kọ, pẹ̀lú ọjọ́ tí a bí i àti ọjọ́ tí ó kú.